Apẹ̀rẹ̀ Obì Tí A Tún Dì Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kóòtù

Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ti gbẹ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ lọ́kàn mi, n kò sì rò pé yóò gbẹ mọ́. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀. Kì í ṣe òjò tó ń jà tó ń sán àrá tí yóò sì lọ. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, èyí tó máa ń jókòó tini bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Àgbàrá ti gba gbogbo ojú ọ̀nà Mákùn, àwọn adìyẹ sá wọ ìsọ̀ wa, wọ́n ń gbọn omi ìyẹ́ wọn sí wa lára. Èmi sì nìyí, mo wọ aṣọ tí mo fi ṣọdún, mo wé gèlè, mo ń lọ sí kóòtù lọ jẹ́rìí fún ìjọba.

Ẹ gbọ́ o, ìjọba ni mo wí. Èmi ni wọ́n jà lólè, ìjọba ni mo ń lọ jẹ́rìí fún. Ibẹ̀ gan-an ni inú ti kọ́kọ́ bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ìsọ̀ kan ni àwa obìnrin tó ń ta gbànja jọ ń lò ní àdúgbò Mákùn, ní Ṣàgámù, nígbà náà. Àwọn oníbàárà wa máa ń gbé lọ́rì wá láti Òkè Ọya, a ó di obì sínú apẹ̀rẹ̀, a ó fi ewé gbòdògì tẹ́ inú rẹ̀ kí obì má baà gbẹ, a ó fi okùn so ẹnu rẹ̀ pa. Olúkúlùkù wa ló ní ìso tirẹ̀. Bí lọ́rì bá já ẹrù sílẹ̀ ní Kánò, ìso la fi ń mọ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ. Tèmi, ìyá mi ló kọ́ mi: okùn yóò lọ yóò bọ̀, n ó wá ki ẹ̀já aṣọ àdìrẹ kan mọ́ ojú rẹ̀, n ó fà á títí eyín mi yóò fi pa kẹkẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń so bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ṣàgámù.

Àfi bí apẹ̀rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ti lágbájá lọ lónìí, ti tàmẹ̀dò lọ lọ́jọ́ mìíràn. A bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wa. Ìyá Mùtíá, tó jẹ́ olórí wa ní ìsọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya mọ́ obìnrin kan lọ́rùn nítorí ẹ̀. A ò mọ̀ pé aláàárù wa ni, Rábíù, ẹni tó ń bá wa gbé ẹrù sí lọ́rì, tó máa ń kí wa ní “ẹ̀yin ìyá mi” pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ tó kan ilẹ̀ gbọọrọ. Onílé rẹ̀ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ nínú Ṣàgámù níbẹ̀ ló gbóòórùn obì nínú yàrá rẹ̀. Ìgbà tí ọlọ́pàá débẹ̀, ó ti ta tàwọn yòókù tán. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, tèmi ni, pẹ̀lú ìso mi lẹ́nu rẹ̀. Rábíù wo ojú ọlọ́pàá, ó ní òun rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ni.

Bí wọ́n ṣe gbé Rábíù lọ nìyẹn, tí wọ́n sì gbé obì mi lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gba onídùúró Rábíù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tó gba onídùúró obì mi.

Agbẹjọ́rò tí ìjọba fi ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ wá bá mi ní ìsọ̀. Ọmọ Ìpẹ̀rú ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tínrín bí igi ìṣáná, ẹ̀wù dúdú tó wọ̀ tóbi jù ú lọ, àmọ́ ọmọlúàbí ni. Ó jókòó lórí àpò, ó sì bi mí ní ìbéèrè bí ọmọ ṣe ń bi ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé òun nìkan lọ́wọ́ ní Ṣàgámù nìyẹn.

Ó ní, “Màmá, ìjọba ló ń pe Rábíù lẹ́jọ́. Ẹlẹ́rìí wa ni ẹ̀yin.”

Mo ní, “Ta ló ni obì?”

“Ẹ̀yin ni, màmá.”

“Ta ni wọ́n wá jà lólè?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Ta ló ń pè é lẹ́jọ́?”

“Ìjọba ni, màmá.”

Mo ní, “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìjọba tún rí irú àdánù yìí mọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé Rábíù ní ẹnu, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ náà ní ìso. Ó ní, “Bí mo bá gbé e síwájú adájọ́, ẹ ó sọ pé ìso yín nìyí, ẹ ó tú u, ẹ ó tún un so lójú gbogbo ayé. Irọ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Màmá, apẹ̀rẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wa.”

Ìyá Mùtíá di ọwọ́ mi mú lójú rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ lẹ́ni tí tirẹ̀ kù. Ẹnu gbogbo wa lo máa fi sọ̀rọ̀ o. Bí Rábíù bá bọ́ nínú èyí, ìsọ̀ yìí ló ń padà bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè lé e, nítorí yóò ní kóòtù ti dá òun láre.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ lọ́yà pé kó jẹ́ kí n máa gbé obì mi lọ, kí n tà á kó tó bàjẹ́, kí n máa fi apẹ̀rẹ̀ nìkan sílẹ̀ fún wọn. Ó ní kò ṣeé ṣe, àfi tí ẹjọ́ bá parí. Ẹjọ́ ọ̀hún sì rèé, bí a bá dé ibẹ̀ lónìí, wọ́n á sún un síwájú. Bí a bá tún débẹ̀, adájọ́ ò wá. Obì kì í ṣe irin. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ó ń mí, ó ń làágùn, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Bí o ò bá máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí o ṣa èyí tó ń rà kúrò, kí o pààrọ̀ ewé rẹ̀, yóò kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo sọ èyí fún gbogbo ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ní Ṣàgámù. Wọ́n ní kí n lọ fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ tí mo ń wí yìí wá dé, tí òjò sì ń rọ̀, àwa obìnrin ìsọ̀ kóra wa jọ, a forí lé kóòtù. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi yọ̀ sínú gọ́tà. Bàtà mi kan bá àgbàrá lọ, mo ń wò ó. Mo fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, mo fi ìkejì tẹ ilẹ̀, mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù bí ẹni tó ń tiro. Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà ni, tí wọ́n ní kí gbogbo Nàìjíríà máa tò sórí ìlà. Sájẹ́ntì àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ tò wá sórí ìlà lẹ́bàá ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí a ń tò fún.

Wọ́n ní ọkọ̀ adájọ́ rì sínú ẹrẹ̀ nítòsí Likosi. Wọ́n ní lọ́yà wa ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, òjò dá òun náà dúró. A dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro wá. Ìgbà tó yá ni sájẹ́ntì lọ sínú yàrá kan, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ mi jáde, kó lè wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá pè é.

Kí n tó rí i ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta obì mọ òórùn tí mo ń wí. Òórùn obì tó ń rà ni. Ìso mi wà lẹ́nu rẹ̀ bí mo ṣe so ó, ẹ̀já àdìrẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ewé ti jẹrà, ìdí apẹ̀rẹ̀ sì dúdú, ó ń kán omi. Orí ilẹ̀ síméǹtì tútù ni wọ́n gbé e sí láti ọjọ́ yìí wá, lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Mo ní, “Sájẹ́ntì, ẹ rọra o, ìdí rẹ̀ ti—”

N kò tíì sọ ọ́ tán. Gbàà! Ìdí apẹ̀rẹ̀ já, obì dà sílẹ̀ wàràwàrà. Ó ń yí kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù bí ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń ta òkòtó. Ewúrẹ́ kan tó sá òjò wá síbẹ̀ ti gbé méjì mì kí n tó tọ̀ ọ́ dé. Sájẹ́ntì kàn dúró, ó di ẹnu apẹ̀rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ẹni tó mú ìrù ẹran tí ẹran fúnra rẹ̀ ti sá lọ.

Ó ní, “Yéè! Ẹ̀rí ìjọba!”

Mo ní, “Obì mi ni, jàre.”

Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Lọ́yà ti ní apẹ̀rẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wa. Apẹ̀rẹ̀ sì ti jẹrà. Nínú ọgbọ́n tèmi, bí apẹ̀rẹ̀ bá jẹrà, ẹjọ́ ti jẹrà nìyẹn, ó sì kù sọ́wọ́ olówó ẹ̀ láti tún un ṣe kí adájọ́ tó dé. Mo bọ́ bàtà kan tó kù, mo ṣán ìró mi, mo jókòó sílẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù kò dúró kí n pè wọ́n. Bí ọwọ́ wa ṣe rí obì ló ti mọ ohun tó ń ṣe. Ẹnì kan ń kó o jọ, ẹnì kan ń fi omi òjò ṣan án, ẹnì kan ń ṣa oníkòkòrò sọ́tọ̀. Ìyá Mùtíá sáré padà sí ìsọ̀ nínú òjò, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tuntun wá pẹ̀lú ìdì ewé gbòdògì tútù. Ìgbà tó yá, a ti ń dárin. Ìdajì rẹ̀ ṣì dára, ẹ ò rí i bí inú mi ṣe dùn! Mo ki ọ̀kan tó pọ́n dáadáa bọ sájẹ́ntì lọ́wọ́, ó jẹ ẹ́. Ó tún na ọwọ́.

Mo bi í pé, “Àjákù apẹ̀rẹ̀ yìí ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú sẹ́yìn ilé níbi ààtàn. Òórùn ẹ̀ ti pa mí láti ọjọ́ yìí.”

Mo jù ú síbẹ̀. Mo wá lọ fọ ọwọ́ mi lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, nítorí Àlùkùránì ni n ó fi ọwọ́ bà, ọwọ́ mi sì kún fún ìdọ̀tí obì. Kí n tó fọwọ́ tán, ariwo ta pé adájọ́ ti dé. Ìyá Mùtíá, kí iṣẹ́ má baà kù sílẹ̀, bá mi di ẹnu apẹ̀rẹ̀. Ó dì í dáadáa. Ìso tirẹ̀ ló fi dì í.

Lọ́yà wa sáré wọlé lẹ́yìn adájọ́, ó ń gbọn omi kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀. Kò ráyè wo ọ̀tún wo òsì. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́, akọ̀wé kóòtù sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi létí. Ó sọ bí apẹ̀rẹ̀ náà ṣe gbó tó, ó sọ ti ẹ̀já àdìrẹ, ó sọ ti ìso tí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n so. Rábíù dúró nínú àpótí ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sorí kọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Mùtíá tó ń mi orí sí mi pé kí n ṣe bí akin.

Wọ́n pè mí. Mo fọwọ́ lé Àlùkùránì, mo búra pé òótọ́ ni n ó sọ. Mo sì sọ ọ́. Òun gan-an ló kó bá mi.

Lọ́yà ní kí wọ́n gbé ẹ̀rí wá. Sájẹ́ntì gbé e wọlé: apẹ̀rẹ̀ tuntun tó ń dán, ewé tútù tó yọrí lẹ́nu rẹ̀, ó ń ta sánsán. Mo rí i tí ojú lọ́yà yí padà. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo sájẹ́ntì, ó tún apẹ̀rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n adájọ́ ti ń wò ó, kò lè padà sẹ́yìn mọ́.

Ó rọra ní, “Màmá, ṣé ẹ mọ apẹ̀rẹ̀ yìí?”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

Ó mí kanlẹ̀. “Níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?”

“Níta níbẹ̀ yẹn ni, láàárọ̀ yìí.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́yà sún mọ́ mi. Ó ní, “Ìso ẹnu rẹ̀ ńkọ́, màmá? Ṣé ìso yín nìyẹn?”

Mo wò ó. Ìbúra wà lọ́rùn mi. Mo ní, “Rárá o. Ìso Ìyá Mùtíá ni.”

Rábíù gbé orí sókè. Àṣé gbogbo ìsoríkọ́ yẹn, ó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀ ni. Ó ní, “Olúwa mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí? Àwọn fúnra wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Ṣé apẹ̀rẹ̀ tuntun yìí ni wọ́n bá nínú yàrá mi?”

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bá mi sọ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, kí lẹ ṣe sí apẹ̀rẹ̀ tí ọlọ́pàá gbé wá?”

“Ó ti jẹrà, Olúwa mi. Mo ti dà á nù.”

“Ẹ da kí ni nù?”

“Apẹ̀rẹ̀ ni. Obì wà níbí, mo ti ṣà á, mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ wò ó, ó ti dára. Ṣé kí n tú u fún yín kí ẹ tọ́ ọ wò?”

Ilé ẹjọ́ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Adájọ́ lu tábìlì. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fọwọ́ kan ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ìjọba, pé mo lè ti ibẹ̀ wọ àtìmọ́lé lọ.

Inú wá bí mi pátápátá. Mo ní, “Èmi kẹ̀? Èmi tí wọ́n jà lólè? Olúwa mi, olè kan mú obì mi, ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa nínú yàrá rẹ̀. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ olè, ìjọba gbé e sínú omi! Ta ló yẹ kó wọ àtìmọ́lé?” Akọ̀wé kóòtù ló tún gbogbo ẹjọ́ tí mo rò yìí sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò tó ẹ̀kún ẹnu. Títí di òní n kò mọ ibi tó kó ìyókù sí.

Ẹ̀yìn ni àwọn obìnrin ìsọ̀ ti dìde. “Kí ló yẹ kó ṣe? Kó máa wò ó kó rà?” “Gbogbo wa la jọ fọ̀ ọ́! Ẹ ti gbogbo wa mọ́lé!” Adájọ́ ní ẹni tó bá tún la ẹnu, òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n jókòó. Ó wá kọjú sí sájẹ́ntì.

“Ibo lo wà nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí?”

“Mo wà níbẹ̀, Olúwa mi,” ni sájẹ́ntì wí. Bó ṣe la ẹnu, eyín rẹ̀ pọ́n fòò.

Adájọ́ ní, “Kí lo ń jẹ?”

Sájẹ́ntì gbé e mì. Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín.

Lọ́yà wa ló gbà mí sílẹ̀. Ẹni tó wá rojọ́ mọ́ olè ló tún padà ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó ní: “Olúwa mi, ẹ jọ̀wọ́, màmá kò mọ̀ ni.” Mo fẹ́ dá a lóhùn pé, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo rí i pé omi tó wà lójú ọmọ náà kì í ṣe omi òjò, mo pa ẹnu mi mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo pa á mọ́ ní ọjọ́ náà nìyẹn, kò sì wúlò mọ́. Adájọ́ ní láìsí apẹ̀rẹ̀ àtijọ́, kò sí ohun tó so Rábíù mọ́ obì mi. Ó da ẹjọ́ nù, ó ní kí Rábíù máa lọ ilé rẹ̀, kí èmi náà máa gbé obì mi lọ, kí òun má sì tún rí mi níwájú òun mọ́.

Nígbà tí a jáde, òjò ti dá. Ó ti dá, ó kú iṣẹ́! Mo ń wá ẹni tí yóò bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé kí n bá yín rù ú dé ilé?”

Rábíù ni. Ó ti ká òṣùká sórí. Ẹ wo ojú tó fi ń wò mí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wa rí. Bí mo bá ní igi lọ́wọ́ ni, ìjọba ì bá tún rí ẹjọ́ mìíràn pè ní ọjọ́ náà. Mo ní, “Kúrò níwájú mi, ọ̀dàlẹ̀!” Mo fúnra mi gbé e rù. Láti ìgbà ọmọge mi ni n kò ti ru apẹ̀rẹ̀ obì. Omi ewé ń ṣàn bọ̀ lójú mi, gèlè mi lẹ̀ mọ́ orí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lásán. Gbogbo ẹni tí mo pàdé ló ń kí mi pé, “Ẹ kú ọjà o, màmá, ọjà á tà.” 

Ní ìsọ̀, kò sí orin mọ́. Ẹnì kan ní bí mo bá ti fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ìyà ì bá ti jẹ olè. Mo ní ṣebí gbogbo wa la jọ ṣà á. Ìyá Mùtíá ní òun kàn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo ní ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ló gbé ìso rẹ̀ dé iwájú adájọ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa ni pé bí ilẹ̀ bá mọ́, Rábíù ń padà bọ̀, yóò máa gbé ẹrù wa bíi ti tẹ́lẹ̀, yóò máa kó èyí tó bá wù ú, a ò sì ní lè là á lẹ́nu wí. Àwọn kan ru apẹ̀rẹ̀ wọn lọ ilé kí wọ́n lè fi ṣe ìrọ̀rí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ rèé, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ mi: ohun tó bá ti wọ ọwọ́ ìjọba, bó jẹ́ ẹyin ojú rẹ, ká ọwọ́ rẹ kúrò ńbẹ̀. Kó rà. Kó jẹrà. Kí ẹyẹ wá ṣà á jẹ níṣojú rẹ. Àfi bí wọ́n bá dá a padà fún ọ ló tó di tìrẹ. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi sí òfin náà.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn là. Mo jí, mo kírun, mo mú obì gbànja díẹ̀ sínú ewé, mo gba ẹ̀yìn kóòtù lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló ta sí mi lọ́kàn lórí ẹní: adájọ́ bi mí pé kí ni mo ṣe sí apẹ̀rẹ̀, mo ní mo dà á nù. Kò sí ẹnì kan, láti orí adájọ́ dé orí akọ̀wé, tó bi mí pé ibo ni mo dà á nù sí. Èmi náà tí ìbúra wà lọ́rùn mi, ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn.

Apẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀ lórí ààtàn. Ìdí rẹ̀ ti lọ, ẹnu rẹ̀ wà digbí, ìso mi kò yẹ̀, ẹ̀já àdìrẹ mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo gbé e bá lọ́yà nínú yàrá tí wọ́n fún un. Mo gbé e ka orí tábìlì rẹ̀, mo sì sọ ibi tí mo ti rí i fún un. Ọmọ náà wò ó títí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ nu ojú.

Ó ní, “Màmá, ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí mo dúró sí! Ogún ìṣísẹ̀!”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká tún padà lọ bá adájọ́.”

“Ó ti tán, màmá. Wọn ò ní í tún un gbọ́ mọ́.”

Mo ní, “Ẹ gba obì yìí, kí ẹ fi pa òùngbẹ ẹkún.”

Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà. “Màmá, wọ́n á ní ẹ fún mi ní rìbá.”

“Rìbá lórí ẹjọ́ wo? Ṣebí ẹ ní ó ti tán!”

Ó mú ẹyọ kan. Ó là á, ó fún mi ní awẹ́ kan níbẹ̀, a jọ jẹ ẹ́, ojú wa korò, a tún bú sẹ́rìn-ín.

Mo gbé àjákù apẹ̀rẹ̀ mi padà sí Mákùn, mo gun àpótí, mo sì fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ wa, níbi tí ìso yẹn yóò ti dojú kọ ẹni tó bá ń wọlé. Ìyá Mùtíá bá mi di àpótí mú. Kò pẹ́ tí Rábíù fi ń bọ̀, tòun ti òṣùká rẹ̀, ó ń súfèé. Ó gbé ojú sókè, ó rí i. Ìfé náà dá lẹ́nu rẹ̀.  A jókòó, a ń ṣa obì wa, a sì ń wò ó. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó tún nà ró, ó yí padà, ó sì gba ọ̀nà tó bá wá lọ. A ò rí i ní Mákùn mọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ìgbà náà ni mo rí i pé bàtà mi kan tó kù ṣì wà ní kóòtù. Mo ní kó máa gbé ibẹ̀. Ó ti di ti ìjọba.